Gílóòbù Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ètè ọmọ náà ló kọ́kọ́ yí padà. Ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kò dà bíi pé ẹnu rẹ̀ ń dúdú?"

Mo gbé ọmọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kì í ṣe dúdú. Ó dà bíi pé wọ́n fi aró díẹ̀ ra á létè, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí èékánná rẹ̀ rí. Mo ní kí ó má wulẹ̀ padà wọlé mọ́, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ni obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ ń wa tásì láti Bẹẹrẹ sí Mọ́kọ́lá, ọmọ Bàbá Mọ́gàjí sì ni. Bàbá Mọ́gàjí ni àbúrò bàbá tó bí mi, òun ló ń ṣe olórí agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Èmi ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní ilé ìwé gíga kan lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n yàrá méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gbé, mi ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé láti ọsibítù, ìyàwó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì bi í. Ó bi í pé omi wo ni wọ́n fi ń po mílíìkì ọmọ, torí ọmú ìyá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wá. Ó dáhùn pé omi kànga ilé ni, àwọn sì máa ń sè é dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fi po nǹkan kan fún ọmọ mọ́, kí wọ́n máa ra píọ̀ wọ́tà, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò bá wọn yẹ omi náà wò.

"Mo sọ fún un pé a ní ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé," ni ìyàwó wí fún mi.

Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń rò. Nǹkan kan wà tí à ń pè ní náítírétì, láti inú ṣálángá àti ààtàn ló ti máa ń yọ́ wọ ilẹ̀ títí tí yóò fi dé inú kànga. Kò ní òórùn, kò ní adùn, ojú kì í sì í rí i. Àgbàlagbà lè mu ún títí kó má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ nínú oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sì ní òun ń sè é, ńṣe ni omi ń dín kù lórí iná, náítírétì ṣẹ́kù síbẹ̀. Agbo ilé àtijọ́ sì ni tiwa. Ibikíbi tí ènìyàn bá fi ọkọ́ lù níbẹ̀, ẹnì kan ti gbẹ́ ṣálángá síbẹ̀ rí.

Ilé ìwé wa wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, yàrá ìwádìí ti wà ní títì. Mo lọ bẹ ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà pé kí ó yá mi ní sipẹ́kítírò. Ẹ̀rọ yìí tó àpótí aṣọ kékeré kan. Gílóòbù kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú omi kọjá. Ẹ̀rọ náà á wá pín ìmọ́lẹ̀ yẹn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, á sì wọn iye tó kù nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá da egbòogi kan sínú omi tó ní náítírétì, omi náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi sobo tí wọ́n bu omi lé. Bí náítírétì bá ṣe pọ̀ tó ni pípọ́n rẹ̀ á ṣe jinlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí omi náà á gbé mì á ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ á kọ síta á ṣe tóbi tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ́ àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ní i. Mo rò pé ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni yóò gbà mí.

Bàbá Mọ́gàjí ní bí mo bá fẹ́ yẹ kànga wò, kí n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Kànga mẹ́ta ni àdúgbò wa ń pọn. Ọ̀kan ni tiwa tó wà láàárín agbo ilé, bàbá mi àgbà ló gbẹ́ ẹ. Èkejì ni ti mọ́sálásí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀kẹta ni ti ìjọ Aládùúrà tó wà ní ìsàlẹ̀, lọ́nà Oníyanrìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹ̀sìn ẹlòmíràn kó tó ju korobá sínú kànga.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì ní pálọ̀. Mo kọ́kọ́ fi omi tí kò ní ohunkóhun nínú wọ̀n ọ́n, èyí tí mo gbé nínú ìgò láti ilé ìwé, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí òdo wà. Lẹ́yìn náà mo da egbòogi sí omi kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wọn tiwa, mo wọn ti mọ́sálásí, mo wá wọn ti ìjọ gbẹ̀yìn. Bàbá Mọ́gàjí fa àga sún mọ́ mi, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàwé dáadáa nígbà èwe wọn, wọ́n sì mọ nọ́ńbà.

"Ti àwọn Aládùúrà ló pọ̀ jù," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un wò ná."

"Kí ló kù tí o fẹ́ wò? Mo rí i."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé fìlà wọn lé orí, wọ́n jáde. Mi ò lè dí wọn lẹ́nu. Mo padà sí ẹ̀rọ, mo tún omi tiwa fi sí i, èyí tí mo kọ́kọ́ wọ̀n. Inú ìgò kan náà ló wà, mi ò fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà rẹ̀ ti gòkè. Ó ti ga ju ti ìjọ lọ.

Mo rò pé àwọ̀ omi náà ló ń jinlẹ̀ sí i. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo wò ó, kò dà bẹ́ẹ̀. Mo wá fi omi inú ìgò yẹn, tí kò ní ohunkóhun nínú, tí kò sì ní àwọ̀ rárá, sínú ẹ̀rọ. Ó yẹ kó ka òdo. Kò ka òdo. Ẹ̀rọ náà ń sọ fún mi pé omi lásán ti ní náítírétì láàárín ìgbà tí mo jókòó sí àti ìgbà tí bàbá mi kékeré jáde.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé gílóòbù ni. Iná ìjọba ni mo fi tàn án, bí ọ̀sán sì ti ń pọ́n tí gbogbo ènìyàn ń tan fáànù àti fíríìjì, agbára iná ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà ń relẹ̀ bá a. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé gílóòbù ló ń rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ òun dín kù, ó sì gbà pé omi ló gbé e mì. Nítorí náà, omi tí mo bá wọ̀n gbẹ̀yìn ni yóò máa burú jù, ì báà jẹ́ omi òjò.

Kí ìrun Aláásárì tó wáyé, ọ̀rọ̀ ti dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìjọ ló wá fúnra wọn. Arúgbó tó jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tútù ni, mo ti ń kí wọn láti kékeré. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọn kò wọ bàtà, wọ́n jókòó sórí àga tí Bàbá Mọ́gàjí jókòó sí láàárọ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ ló sọ pé májèlé wà nínú kànga wa."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ṣé ẹ̀rọ ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ náà kò tíì mọ ohun tó ń sọ, mà."

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí. "Omi tí a gbàdúrà sí ni. Àwọn ènìyàn ń ti Kúdẹ̀tì wá pọn ọ́n. Láti ọ̀sán, ènìyàn mẹ́ta ti da tiwọn nù lójú mi."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé gílóòbù fún wọn. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí ara mi, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ìyá Ìjọ gbọ́ mi títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ìgbà wo ni yóò wá mọ ohun tó ń sọ?"

Mo ní ọ̀la. Kò yẹ kí n sọ pé ọ̀la.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí kùtù láti wọ̀n wọ́n kí agbára iná tó máa relẹ̀. Mo yí ètò rẹ̀ padà: ti ìjọ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, mo wọn ti mọ́sálásí, mo wá fi tiwa ṣe ìkẹyìn. Bí ẹ̀rọ bá tún fẹ́ ba ti ìkẹyìn jẹ́, tiwa ni yóò bà jẹ́. Bàbá Mọ́gàjí tún ti fa àga wọn. Ti ìjọ ló tún pọ̀ jù.

"Ẹlẹ́rìí méjì," ni wọ́n wí. "Àná àti òní. Kí lo tún ń wá?"

Èmi náà fẹ́ gbà. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mú ìgò omi lásán, mo fi sínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ohun tí kò ṣeé ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo kánjú. Gílóòbù náà kò tíì gbóná tán nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń le sí i bí mo ti ń bá iṣẹ́ lọ, omi tí mo wọ̀n gbẹ̀yìn ló sì wá dà bí èyí tó mọ́ jù. Lánàá ó rẹ̀, lónìí ó le. Irọ́ méjì tó ṣe déédéé ara wọn ni bàbá mi kékeré ń pè ní ẹlẹ́rìí méjì.

Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbọn orí.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí bí inú bá ń bí wọn, "ṣé o mọ iṣẹ́ yìí àbí o ò mọ̀ ọ́n? Bó o bá mọ̀ ọ́n, sọ ohun tó o rí. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, gbé nǹkan onínǹkan padà fún un."

Bàbá mi ni wọ́n, ẹnu mi ò sì gba ohun tó wà ní ọkàn mi.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ohun tí mo ṣe ló já sí pàbó. Mo jẹ́ kí gílóòbù gbóná fún ìgbà pípẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn mú ìṣòro òwúrọ̀ kúrò, kò kan ti ọ̀sán. Mo yá sitebiláísà lọ́wọ́ aládùúgbò kan, mo rò pé òun ni yóò mú iná dúró. Sitebiláísà náà kò jẹ́ kí agbára iná relẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mọ́, ó ń jẹ́ kó fò. Yóò dákẹ́, yóò tún dún "ká," nọ́ńbà á sì fò sókè bí mo bá ń wọn omi kan lọ́wọ́. Mo dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, aládùúgbò sì bi mí bóyá mo ti bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n kan dá. Omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yìí, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ló ń gbé mì. Kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ pupa. Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá dín kù, kò sí ohun méjì tó lè fà á, gílóòbù ni. Mo lè máa wo apá pupa bí ẹlẹ́rìí, bó bá ti dín kù sí kí n fi bẹ́ẹ̀ ṣe àtúnṣe apá ewé. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi débi pé mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo ṣe é ní odidi ọjọ́ kan. Nígbà tí mo fi omi lásán dán an wò, kò tún ka òdo. Ó sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kà á.

Mo jókòó síbẹ̀ títí kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ẹ wo iná èédú tó ń kú lọ. Nígbà tó le, ó funfun. Bó bá ń rẹ̀, ó ń pọ́n, pupa ló máa ń kú kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà inú gílóòbù rí. Bí agbára rẹ̀ bá relẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ewé a máa yára dín kù ju pupa lọ. Ẹlẹ́rìí mi kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo jáde lọ sọ́nà òkè Mápó láìní ibi tí mò ń lọ. Inú bí mi débi pé mi ò dá àwọn tó ń kí mi lóhùn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le. Mo mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo lè fi ṣọ́ọ̀kì ya á sójú pátákó, síbẹ̀ mi ò lè sọ èyí tó mọ́ nínú omi kànga mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà, mo bá ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Àǹtí, mo lọ ra nǹkan ní Ọjà'ba. Kí n tó dé, Màmá ti fi omi kànga po oúnjẹ fún un. Wọ́n ní àwọn bẹ̀ mí, kí n má fi ti píọ̀ wọ́tà da àwọn láàmú, pé kànga Aládùúrà ló bà jẹ́, ti ilé wa kò ní nǹkan kan. Wọ́n ní Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ sọ fún Bàbá."

Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ tó ti ń bọ̀ sípò ti tún fẹ́ máa rí bí aró. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí, Màmá tí wọ́n jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí Bàbá Mọ́gàjí, tàbí gílóòbù yẹn. Mo ní kí ó gbé ọmọ padà sí ọsibítù, kí ó má sì fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí n ó fi parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fọ mọ́tò.

"Mo fẹ́ yá bátìrì mọ́tò rẹ," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì kẹ̀? Kí ni n ó fi ṣiṣẹ́ lọ́la?"

"O ò ní ṣiṣẹ́ lọ́la."

Ó wò mí lójú, ó rí i pé mi ò ṣeré. Ó tú bátìrì náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ pálọ̀ mi.

Ohun tí mo fẹ́ fi bátìrì ṣe ni èyí. Mo já wáyà gílóòbù kúrò lára iná ìjọba, mo so ó mọ́ bátìrì ní tààrà. Mo mọ̀ pé bátìrì náà yóò máa rẹ̀, kò sí èyí tí kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò máa rẹ̀, kò ní fò bíi ti sitebiláísà, kò sì ní gòkè sọ̀kalẹ̀ bí àwọn ará àdúgbò bá ń tan fáànù. Mo ti sọ ìrètí nù pé mo lè mú gílóòbù dúró sójú kan. Mo kàn fẹ́ kó máa rìn bí ènìyàn ṣe ń rìn, kí n lè mọ ibi tó dé.

Nígbà náà ni mo wá ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ tí mo ti rí i pé omi lásán kò ka òdo. Mi ò wọn omi kànga kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ wọn omi lásán, kí n sì tún wọn omi lásán lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń fi àkókò kan náà sáàárín wọn. Bí omi lásán ti àkọ́kọ́ bá ka iye kan, tí ti ìkẹyìn ka iye tó lé díẹ̀, a jẹ́ pé ní àárín wọn, nígbà tí omi kànga wà níbẹ̀, ìdajì ọ̀nà ni gílóòbù wà. Iye ìdajì ọ̀nà yẹn ni mò ń yọ kúrò lára nọ́ńbà omi kànga. Iṣẹ́ tó ń sú ènìyàn ni. Omi lásán, omi kànga, omi lásán. Fọ ìgò, nu ún, tún un ṣe. Ohun tí ìbá gba ìṣẹ́jú díẹ̀ gba odidi ọ̀sán.

Mo wọ̀n wọ́n láti òkè wá sílẹ̀, mo wọ̀n wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo fi ti mọ́sálásí ṣáájú, mo fi í ṣe ìkẹyìn. Bí mo ti ń tò wọ́n yí, èsì kan náà ni. Mo ní kí ìyàwó tó ti dé láti ọsibítù da omi sínú ìgò kí ó má sì sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Èsì kan náà ni.

Kànga ilé wa ló burú jù. Ti mọ́sálásí tẹ̀ lé e. Ti ìjọ ló sàn jù nínú wọn, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kí a fi po oúnjẹ fún ọmọ ọwọ́.

Kò sí ìdùnnú tí mo retí níbẹ̀. Mo ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni tó ti ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ púpọ̀, tó wá ṣí, tó bá ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Mọ́gàjí pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lèmọ́mù mọ́sálásí wá, Ìyá Ìjọ wá, àwọn obìnrin ilé dúró sẹ́yìn. Mo sọ ohun tí mo rí. Mo sọ ọ́ ní ṣókí, mi ò dárúkọ gílóòbù, torí mo ti rí i pé ìgbàkígbà tí mo bá dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń rò pé mo ń wá àwíjàre.

Lèmọ́mù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á lẹ bébà mọ́ ara kànga pé àlùwàlá nìkan ni kí wọ́n máa fi ṣe. Ìyá Ìjọ mi orí, wọn kò yọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Àwọn tó da omi wọn nù ńkọ́? Ta ni yóò lọ sọ fún wọn?"

Bàbá Mọ́gàjí ń wo ilẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ yìí sọ pé ti ìjọ ni. Lónìí ó sọ pé tiwa ni. Bí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kò ní sọ pé omi odò ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ kò sọ ti ìjọ. Ẹ̀yin lẹ kà á kí n tó parí."

"Bàbá mi ló gbẹ́ kànga yẹn," ni wọ́n wí. "Òun la fi tọ́ ọ dàgbà. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Bàbá, ọmọ ọmọ yín ló ń ṣàìsàn."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Màmá, ìyàwó wọn, wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pọ̀n ọ́n láìsọ̀rọ̀.

Ara ọmọ náà yá. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, Màmá kò fi omi kànga po nǹkan fún un mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń rán ènìyàn lọ ra píọ̀ wọ́tà. Ó ti ń rìn báyìí, ó sì máa ń wá fa ìdí aṣọ mi. Ó yẹ kí ìyẹn tó mi, ó sì tó mi lọ́jọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ṣì ń pọn kànga náà mu. Wọ́n gbà pé ọmọ ọwọ́ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ mu ún, aboyún méjì tó wà nínú ilé, tí kò yẹ kí àwọn náà mu ún, sì ń mu ún lójú mi. Nígbà tí mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, a máa ń sè é." Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ mi, ó dúpẹ́, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ lé iná. Àwọn kan ní mo ti di Aládùúrà ni mo fi gbe ìjọ lẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀ sì rèé, àwọn ará Kúdẹ̀tì tó da omi nù kò padà wá. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó mú èkejì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, mo gbé ẹ̀rọ padà sí ilé ìwé. Mo sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìwádìí pé gílóòbù rẹ̀ kì í dúró, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òdo tó wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ odidi ọ̀sán.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni ó wí. "Ó ti pẹ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ ṣáà máa ṣe é kíá kó tó rẹ̀."

Mo kọ ọ́ sí bébà kan bí wọ́n ṣe lè máa ṣe é, omi lásán ṣáájú, omi lásán lẹ́yìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mo dúró sẹ́yìn wọn, mo ń wò wọ́n. Wọ́n ka bébà náà. Wọ́n wọn omi lásán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì to ìgò wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá wọn dúró, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo aago ara ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó sì nawọ́ mú ìgò àkọ́kọ́.